Ọmọ Ajá àti Ológbò Nínú Ilé Oníṣòwò

  

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ọwọ́ ìyàwó kan tí ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé tí kò jìnnà sí Ọjà Balógun. Léèsì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń tà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀ oníṣòwò, kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ó ń sùn sí ìsọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní ìyẹ̀wù nílé, tí wọ́n tò jọ láti ilẹ̀ dé ìdajì ògiri. Nítorí èkúté tí ń gé aṣọ ni Màmá ṣe ń sin ológbò kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ, ní tirẹ̀, ra ọmọ ajá wálé nítorí olè. Kí oṣù kan tó pé, ọmọ ajá ti jẹ etí ìdì léèsì kan, ó ti ya bàtà ọmọ, ó sì ti lé ológbò títí tí ológbò fi lọ ń sùn lórí òrùlé aládùúgbò. Màmá ní kí ajá jáde. Ọkọ ní ajá kò ní jáde. Arábìnrin náà wá béèrè pé, "Àǹtí, ẹ̀yìn ta ni kí n gbè sí?"

Àbúrò mi, má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnì kan lòdì sí ẹnì kejì. Ohun tí Màmá ń fẹ́ àti ohun tí ọkọ rẹ ń fẹ́ kò takora rárá. Ẹrù kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáàbò bò: ọ̀kan ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ èkúté, èkejì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè. Ajá kò jẹ aṣọ nítorí pé ó burú, kò sì lé ológbò nítorí pé ó kórìíra rẹ̀. Jíjẹ nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí; lílé nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìran. Méjèèjì ni a lè tọ́ sọ́nà bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a sì ṣètò ilé bí ó ti yẹ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin yòókù tí ajá àti ológbò jọ wà nílé yín, ẹ bá wa gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà.

Kí ni a lè pàdánù?

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni èyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdì léèsì kan nínú ilé oníṣòwò kì í ṣe aṣọ lásán. Ojú owó ni. Bí ajá bá já etí rẹ̀, oníbàárà kò ní rà á ní iye tí ó tó. Bí ológbò bá sì kúrò nílé nítorí ajá, ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí ológbò bá jáde nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ìlú Èkó mọ ohun tí eku lè ṣe. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí òyìnbó ń pè ní plague bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni ó ń gbé àrùn náà kiri, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1930. Àrùn yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba ìgbà náà dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti tún ìlú ṣe, kí ilé má baà há mọ́ra jù. Ní ọdún 1969 ẹ̀wẹ̀, a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ìlú tí ń jẹ́ orúkọ náà, èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ti ń dé inú oúnjẹ ènìyàn, lọ́dọọdún ni ó sì ń yọjú ní Nàìjíríà títí di òní.

N kò sọ pé ológbò kan ṣoṣo lè ṣẹ́gun gbogbo eku Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí a bo oúnjẹ, kí a da ilẹ̀ nù lálaalẹ́, kí a dí gbogbo ihò, èyí ni olórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn ológbò nínú ilé kì í jẹ́ kí èkúté fi ara balẹ̀. Ẹni tí ó ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ajá lé e lọ.

Bákan náà ni ó rí fún ajá. Ọmọ ajá tí a bá fi ìbínú lé sígboro kì í parẹ́. Yóò dàgbà ní ojú pópó láìgba abẹ́rẹ́, yóò sì di ewu fún ọmọ aládùúgbò àti fún ọmọ tiwa pàápàá.

Ìdí tí ọmọ ajá fi ń jẹ nǹkan

Bí ọmọ ènìyàn ti ń hu eyín ni ọmọ ajá ń hu eyín. Eyín wàrà rẹ̀ jẹ́ 28. Láti nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ni àwọn eyín wọ̀nyí ti ń ré, tí eyín àgbà sì ń hù dípò wọn. Nígbà tí ó bá fi pé oṣù 6 tàbí 7, eyín 42 ti pé sí ẹnu rẹ̀. Ẹ rántí bí ọmọ yín ti ṣe nígbà tí tirẹ̀ ń hù: itọ́ ń dà, ó ń ké, kò sí ohun tí ó bà lọ́wọ́ tí kò fi sẹ́nu. Èrìgì ń yún ọmọ ajá náà. Yàtọ̀ sí èyí, ajá kò ní ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń mọ ohun tí ó le àti ohun tí ó rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe yà sẹ́nu bí ó bá ṣì ń jẹ nǹkan díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàtà àti aṣọ ni ó sábà máa ń mú, nítorí pé wọ́n rọ̀, òórùn àwọn ará ilé tí ó fẹ́ràn sì wà lára wọn. Kò mọ̀ pé léèsì wọ́n ju àkísà lọ.

Ẹ má ṣe nà án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ti ọjà dé, wọn a rí aṣọ tí ó ti ya láti òwúrọ̀, wọn a sì fi ìgbálẹ̀ lu ajá. Wọn a ní, "Ó mọ ohun tí ó ṣe, ẹ kò rí i bí ó ṣe sorí kọ́?" Ní ọdún 2009, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Alexandra Horowitz, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó rí i pé bí olówó ajá bá ti bá a wí ni ajá ń sorí kọ́, ì báà ṣẹ̀, ì báà má ṣẹ̀. Ojú tí a fà ro ni ajá ń rí. Kò rántí aṣọ òwúrọ̀. Ohun tí nínà ń kọ́ ọ ni pé kí ó bẹ̀rù wa, kí ó sì máa jẹ nǹkan níbi tí ojú wa kò tó.

Ìṣètò ilé nítorí ẹnu ajá

Èkíní, ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀. Kí ìdì aṣọ wà lórí pákó tàbí tábìlì tí ó ga, kí ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù sì máa wà ní títì. Bí ilẹ̀kùn kò bá sí, ẹ fi pákó dábùú ẹnu ọ̀nà ní gíga tí ajá kò lè fò. Ẹ kó àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di léèsì àti okùn tí wọ́n fi ń so ìdì kúrò níbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé, nítorí bí ó bá gbé wọn mì, wọ́n lè dí ìfun rẹ̀, kí ó sì kú. Ẹ ṣọ́ra fún káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò. Májèlé ni fún ajá àti fún ológbò. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ tuntun. Bí irú ẹ̀jẹ̀ kan bá wà lára ọmọ náà, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, káńfọ̀ lè fa ibà pọ́njú tí ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Èkejì, ẹ ká wáyà iná sókè. Ẹni tí ó bá rántí iná tí ó jó ní Ọjà Balógun ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, kò ní fojú kékeré wo ohunkóhun tí ó lè fa iná sáàárín aṣọ. N kò sọ pé ajá ni ó fa ti ọjọ́ náà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé wáyà tí ajá ti bó ara rẹ̀ lè pa ajá, ó lè pa ọmọ, ó sì lè jó ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún ajá ní ohun tirẹ̀. Ẹ mú àkísà tí ó nípọn, ẹ ta á ní kókó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ gbé e sínú fíríìsà títí yóò fi dì. Bí ó bá ń jẹ ẹ́, òtútù rẹ̀ yóò tu èrìgì rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wà nítòsí, kí a sì gbà á bí ó bá ti ń já sí wẹ́wẹ́. Egungun màlúù ńlá tí a kò sè dára, bí ẹnì kan bá ń wò ó. Egungun adìẹ tí a ti sè kò dára, nítorí a máa fọ́ bí abẹ́rẹ́, a sì máa gún ìfun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fún un ní bàtà àlòkù láti fi ṣeré. Ajá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà tí ẹ ti pa tì àti èyí tí ẹ rà lánàá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọ ní pàṣípààrọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ má ṣe sáré lé e. Eré ni yóò kà á sí. Ẹ fi ẹran tín-ín-rín kan tàbí ohun tirẹ̀ hàn án, ẹ wí pé "Fi sílẹ̀." Bí ó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ará ilé máa lò. Bí Màmá bá ń wí pé "Fi sílẹ̀", tí ọkọ ń wí pé "Jù ú nù", tí ọmọ ń pariwo "Ó tì o", ajá kò ní mọ èyí tí yóò gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi omi ewúro tí ó korò ra ẹsẹ̀ àga tí ó ń jẹ léraléra. Kíkorò náà lè mú kí ó pa á tì. Ẹ má ṣe lo ata, nítorí ojú àti imú ajá, àti ojú ọmọ tí yóò fọwọ́ kan àga náà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ọmọ ajá ń sùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Èyí tí oorun ń kùn, tí àwọn ọmọ kò jẹ́ kí ó sinmi, ni ó ń bu aṣọ àti ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ jù. Ẹ wá igun kan fún un níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Kí a máa mú un jáde láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì ṣeré. Ẹ má ṣe fi okùn so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí a máa sọ ọ́ di òǹrorò.

Ìdí tí ó fi ń lé ológbò

Ìran ìkookò ni ajá ti ṣẹ̀ wá, lílé ohun tí ń sá sì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó di ará ilé. Ohunkóhun tí ó bá ń sá ni yóò fẹ́ lé: bọ́ọ̀lù, ọ̀kadà, adìẹ, ọmọ kékeré, ológbò. Ẹ wò ó dáadáa, bí ológbò bá dúró gbọn-in, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ ajá yóò dúró pẹ̀lú, tí kò ní mọ ohun tí ó kàn. Sísá ológbò ni ó ń pe ajá.

Ohun kejì ni pé wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Bí ọmọ ajá bá ń ju ìrù, tí ó ń tẹ orí ba, ó ń wí pé, "Wá ká ṣeré." Bí ológbò bá ń ju ìrù fìà fìà, ó ń wí pé, "Kúrò níwájú mi." Ajá rí ìrù tí ń jù, ó rò pé ọ̀rẹ́ ni, ó sún mọ́ ọn, ó sì gba èékánná lójú. Èékánná yìí lè fọ́ ojú ọmọ ajá. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ti àwọn tí ń wí pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò parí rẹ̀ fúnra wọn."

Ohun kẹta burú ju méjì ìṣáájú lọ: àwa ènìyàn ni a ń dẹ ajá. Àwọn ọmọ inú àgbàlá a máa pàtẹ́wọ́, wọn a ní, "Mú un! Mú un!" Àwọn àgbà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ajá tí a bá ti dẹ sí ológbò lónìí kò mọ ibi tí eré náà parí sí. Lọ́la, ọmọ aládùúgbò tí ń sáré lọ sílé ìwé ni yóò lé. Ẹ fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò gbọdọ̀ dẹ ajá sí ohun ẹlẹ́mìí kankan.

Bí a ṣe ń mú wọn mọ ara wọn

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi gíga fún ológbò. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pákó tí a kàn mọ́ ògiri ti tó, bí ọ̀nà bá wà tí yóò gbà gun ún láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ajá. Orí ibi gíga yìí ni kí oúnjẹ rẹ̀ máa wà, kí ajá má baà jẹ ẹ́. Kí àwo yanrìn tí ó ń yàgbẹ́ sí sì wà níbi tí ajá kò lè dé. Ológbò tí ó mọ̀ pé òun ní ibi ààbò kò ní sá jáde kúrò nílé, kò sì ní máa sáré láti fa ojú ajá mọ́ra.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn. Ẹ mú aṣọ tí ọ̀kan sùn lé, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí èkejì ti ń jẹun, kí wọ́n fi imú mọ ara wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ní àkókò oúnjẹ: ajá ní ìhín, ológbò ní ọ̀hún, kí wọ́n jìnnà síra. Bí méjèèjì bá lè jẹun tán láìsí gbígbó àti láìsí wíwú irun, ẹ lè sún wọn mọ́ra díẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ìpele kẹta ni kí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Kí okùn wà lọ́rùn ajá, kí ológbò wà lómìnira, kí ó lè lọ nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ di ológbò mú síwájú ajá láéláé; ẹ̀yin ni yóò ya lára. Nígbàkígbà tí ọmọ ajá bá wo ológbò, tí ó sì yí ojú padà sí yín, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Bí ó bá tẹjú mọ́ ológbò, tí ara rẹ̀ le gbagidi, ẹ rọra fà á sẹ́yìn kí ó tó ta. Ìṣẹ́jú 5 tàbí 10 ti tó lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ní ilé mìíràn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò gbà. Ní ilé mìíràn, oṣù mélòó kan. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 3 tètè máa ń gba ẹ̀kọ́ yìí ju ajá àgbà lọ, nítorí ìgbà náà ni ó ń pinnu ẹni tí ó jẹ́ ará ilé rẹ̀. Títí tí ọkàn yín yóò fi balẹ̀ pátápátá, ẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà àti ní òru.

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé

Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọkùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ayé ti mọ̀ pé a lè dènà àrùn yìí. Síbẹ̀, bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí ó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 10 tí ó ń pa, nǹkan bí 4 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nítorí náà, bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù 3, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ológbò náà ń gbà á, nítorí àrùn yìí kì í yọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, wà lára àwọn tí ń ṣe àjẹsára yìí ní orílẹ̀-èdè wa. Kí dókítà náà fún wọn ní òògùn aràn pẹ̀lú.

Bí ajá tàbí ológbò bá bu ọmọ jẹ tàbí ya á lára, ẹ má ṣe fi epo tàbí àgúnmu sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ ológbò. Kòkòrò àrùn kan tí ó lè wà nínú rẹ̀ a máa ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ kó o lójoojúmọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ.

Bí èkúté bá ń yọ ilé lẹ́nu, ẹ má ṣe da òògùn eku sílẹ̀ nínú ilé tí ajá, ológbò àti ọmọ kékeré wà. Ológbò tí ó bá jẹ eku tí ó ti jẹ májèlé lè bá a kú.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ilé Mùsùlùmí, níbi tí ọ̀rọ̀ itọ́ ajá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ẹ bọ̀wọ̀ fún èyí. Kí àwo ajá dá wà, kí ó má wọ ibi tí a ti ń kírun, kí ó má sì fẹnu kan ìkòkò. Bí iyè méjì bá wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ Àlùfáà kí a tó mú ajá wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé.

Bí o ṣe lè bá àwọn àgbà sọ ọ́

Àbúrò mi, ó ku ọ̀rọ̀ àárín ìwọ, Màmá àti ọkọ rẹ. Má ṣe bá Màmá jiyàn. Lọ bá a ní àkókò tí ara rẹ̀ balẹ̀, kúnlẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí léèsì tí ó bàjẹ́. Sọ ohun tí o ti ṣe fún un: pé ẹrù ti kúrò nílẹ̀, pé ilẹ̀kùn ti ní kọ́kọ́rọ́, pé ológbò rẹ̀ ti ní ibi gíga. Lẹ́yìn náà, tọrọ oṣù 3 lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà tí ó bá rí i pé a kọ́kọ́ dáàbò bo ohun ìní òun kì í sábà kọ ẹ̀bẹ̀.

Sọ́dọ̀ ọkọ rẹ, sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọmọ ajá oṣù 3 kì í ṣe ọlọ́dẹ. Yóò tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó lè gbó bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Bí òun bá fẹ́ ajá, kí òun náà dá sí ìtọ́jú rẹ̀: kí ó mú un rìn láàárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, kí ó sì san owó abẹ́rẹ́. Ẹrù yìí kò yẹ kí ó wà lórí ìwọ nìkan tí o ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù 3, tí ajá náà ṣì ń wá ọ̀nà láti pa ológbò, ẹ wá ilé tí ó ní ọgbà, tí kò sì ní ológbò, kí ẹ fi ajá náà fún wọn. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí ó jẹ́ ìtìjú ni kí a jù ú sójú títì.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ kúnlẹ̀ sí àárín ìyẹ̀wù yín, kí ẹ wo ilẹ̀ láti ibi tí ojú ọmọ ajá wà. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí láti ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ lè dé. Ẹ kó o sókè. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.